Àgbá Tí Kọ́lájọ Gbé Wá Fún Ìyàwó Mi

Mi ò ní dárúkọ abúlé wa. Èmi ni mo ba orúkọ náà jẹ́, kò sì yẹ kí n tún máa gbé e kiri. Ẹ ṣáà mọ̀ pé etí omi ni, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti pé àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ugbonla lọ sí Oríòkè-Ìwàmímọ́ máa ń kọjá níwájú wa.

Ọlọ́rundáre ni orúkọ mi. Iṣẹ́ òpó ni mò ń ṣe. Òpó igi ló gbé ilé wa dúró lórí omi, òpó náà ló gbé afárá pákó tí à ń rìn láti ilé dé ilé. Bí òpó bá jẹrà, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá gbá tuntun wọ inú ẹrẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì dúró síbẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá lọ sí ìpàdé, ẹni tó jókòó tì mí lè délé kó sọ pé òun ò rí mi.

Kọ́lájọ yàtọ̀. A jọ dàgbà ni, inú omi kan náà la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Òun ló ní ọkọ̀ tó ń ná Ìgbókòdá, èrò níwájú, ẹrù lẹ́yìn. Bó bá ń wọ abúlé, yóò rẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ kí omi má baà ru gbá òpó ilé, kí ọbẹ̀ má baà dànù lórí iná. Àwọn awakọ̀ yòókù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yóò sì máa kí ilé kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá.

"Ìyá Gift, èéfín yín ti dé Ìgbókòdá o. Wọ́n ní kí n wá gbé ẹja tó bí i."

Ìyá Gift ni ìyàwó mi, Rhoda. Yóò bú sẹ́rìn-ín.

Mo máa ń wà nínú ilé tí màá máa gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Èmi tí mo fẹ́ ẹ, mi ò pa á lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Rhoda a máa yan ẹja tà. Àgbá irin tí wọ́n gé sí méjì ló fi ṣe ààrò, iyọ̀ òkun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán.

"Bàbá Gift, ààrò mi ti lu o. Ẹja ń já bọ́ sínú iná."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ti gbọ́ láti ìgbà tí òkun ò tíì gbé ilé ìjọ lọ."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí mò ń wí ni pé ó di ẹ̀yìn òjò. Òjò a dá, òmíràn a bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kan ló ti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Kọ́lájọ ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta àgbá òfìfo. Ó máa bá gbogbo àwa tí à ń yan ẹja gbé e wá. Mo ti ní kó mú tèmi mọ́ ọn."

"Ta ló ní kó o sọ fún un?"

"Ṣé kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ yan ẹja ni?"

"Mo ní màá rà á."

"Ẹ rà á nígbà náà. Àgbá méjì ò pọ̀ jù."

Àwàdà ló ń ṣe. Èmi ò gbọ́ ọ bí àwàdà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ọkùnrin mìíràn ni yóò gbé ohun tí ìyàwó mi ń fẹ́ wọ inú ilé mi, gbogbo abúlé á sì dúró lórí afárá wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fóònù.

Ìwé ìròyìn kì í dé ọ̀dọ̀ wa, àfi èyí tí wọ́n bá fi di nǹkan. Rédíò ń ké ṣàà ṣàà. Orí Wásáàpù la ti ń gbọ́ ìròyìn. Godwin, olórí àwọn ọ̀dọ́ wa, ló dá gúrúùpù kan sílẹ̀ tó pè ní Etí Omi. Ibẹ̀ la ti ń mọ ìgbà tí òkun fẹ́ ru àti ibi tí epo rọ̀bì ti tú sómi. Ohun tí Etí Omi bá sọ láàárọ̀ ni gbogbo wa máa fẹnu ara wa sọ nírọ̀lẹ́, bíi pé ojú wa ló ṣe.

Mo ní síìmù kejì tí mi ò fi pe ẹnikẹ́ni rí. Òun ni mo fi wọ gúrúùpù náà. Orúkọ tí mo kọ síbẹ̀ ni Ojú Ń Rí.

Mi ò ní ohun burúkú lọ́kàn nígbà náà. Bí mo bá rí ìròyìn níbòmíràn, màá gbé e wá síbẹ̀, wọn á sì máa kí mi. "Ojú Ń Rí, a dúpẹ́." "Ojú Ń Rí, ìwọ ni rédíò wa." Èmi tí wọn kì í gbọ́ ohùn mi níbi ìpàdé.

Rhoda gan-an a máa yìn ín lójú mi. "Ta tilẹ̀ ni Ojú Ń Rí yìí? Onítọ̀hún gbọ́n o. Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n."

Màá máa jẹ púpurú mi lọ. Inú mi á dùn, inú mi á sì tún bàjẹ́. Ó ń yìn mí, kò sì mọ̀ pé èmi ni. Nígbà mìíràn mo tún ń jowú Ojú Ń Rí díẹ̀.

Lásìkò yẹn, fídíò kan ń lọ láti fóònù dé fóònù. Òkú ẹja léfòó lọ súà, obìnrin kan ń sunkún, ohùn ọkùnrin kan sì ń sọ pé àwọn kan ń da gàmálíìnì sómi láti fi pẹja. Oògùn kòkòrò ni gàmálíìnì. Bí wọ́n bá dà á sódò, ẹja inú rẹ̀ á kú, májèlé á sì wà lára ẹja náà títí dé inú ìkòkò. Kò sẹ́ni tó mọ odò tí wọ́n ti ya fídíò yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni oníkálukú wa ti ń ṣọ́ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Òkè ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ òpó. Màá de pákó mọ́ orí òpó gíga méjì, màá dúró lórí pákó náà, màá wá fi òòlù igi gbá orí òpó tuntun títí ẹrẹ̀ á fi gbé e mì. Ilẹ̀ wa kò ní òkè kankan. Oríòkè-Ìwàmímọ́ pàápàá, pẹrẹsẹ ni ibẹ̀. Orí pákó yẹn ni ènìyàn ti lè rí abúlé wa bí ẹyẹ ṣe ń rí i. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn ti máa ń gbójú sókè wò mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ Kọ́lájọ wọlé. Afẹ́fẹ́ ti ká tapólì kúrò lórí ẹrù rẹ̀, mo sì rí àwọn àgbá irin aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tò ti ara wọn. Kọ́lájọ gbójú sókè, ó juwọ́ sí mi.

"Ará òkè, ṣé o ti ń rí ọ̀run níbẹ̀ yẹn?"

Orí ni mo mì sí i.

"Bá mi sọ fún Ìyá Gift pé ẹrù rẹ̀ ti dé o."

Ẹrù rẹ̀. Ó sọ ọ́ kí ilé gbogbo gbọ́. Fóònù wà lápò mi. Mo mú un jáde bó ṣe ń juwọ́ lọ́wọ́, mo ya fọ́tò kan. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo kàn yà á bí ẹni ń kó ẹ̀rí jọ.

Nígbà tí mo fi délé, àgbá ti wà lórí ìdáná. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti fi irin sí i lórí.

Rhoda ní, "Ẹ wò ó, ó tilẹ̀ bá mi fi amọ̀ rẹ́ ìdí rẹ̀."

Kọ́lájọ ti lọ. Àwo tó fi jẹun ṣì wà nílẹ̀. Àwo mi ni, àwo olódòdó tí Rhoda ti fi ń gbé oúnjẹ fún mi láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Kò sí ẹlòmíràn tó ń jẹun nínú rẹ̀.

"Àwo mi nìyẹn."

"Òun ló mọ́ nílẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ fún wa, ṣé inú ewé ni kí n bu oúnjẹ sí fún un?"

Mo lọ jókòó sí etí afárá. Mo ń rí ọwọ́ Kọ́lájọ nínú àwo mi. Mo ń rí i bó ṣe ń fi amọ̀ rẹ́ ìdí ààrò, tí Rhoda ń bá a gbé omi.

Mo yí fóònù sí síìmù kejì. Mo gbé fọ́tò náà sórí Etí Omi, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Kí ló wà nínú àwọn àgbá yìí? Mo kàn ń béèrè ni."

Mo mọ ohun tó wà nínú wọn. Afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́yìn mi nínú ilé, ìyàwó mi ń fi ọwọ́ pa á lára.

Godwin ló kọ́kọ́ dáhùn. "Ojú Ń Rí, o ṣeun. Ẹ̀yin ará, ẹ lajú yín o."

"Ọkọ̀ Kọ́lájọ kọ́ nìyí?"

"Ẹ wo bó ṣe ń fi ọwọ́ bo ojú."

"Gàmálíìnì ni. Irú àgbá tí wọ́n ń kó o sí gan-an nìyẹn."

Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn yìí lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Èmi kọ́ ni mo dárúkọ gàmálíìnì. Ohun tí mo sọ fún ara mi nìyẹn. Èmi béèrè ọ̀rọ̀ ni, àwọn ni wọ́n dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, fọ́tò mi ti jáde kúrò ní Etí Omi, ó ti lọ sí àwọn gúrúùpù mìíràn, ó sì ti padà wá bá wa. Nígbà tó máa padà, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkú ẹja inú fídíò ọjọ́sí, wọ́n sì ti kọ orúkọ abúlé wa sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ Kọ́lájọ lápá kan, òkú ẹja lápá kejì, bíi pé odò kan náà ni. Ohùn ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní dókítà sì tẹ̀ lé e, ó ń ka àwọn àrùn tí ẹja Ìlàjẹ máa dá sí ènìyàn lára.

Ẹ gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. Èmi tí mo mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn dókítà yẹn tán, mo wo ẹja inú ọbẹ̀ mi, mo sì rọra gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo.

Kọ́lájọ gbọ́. Ó kó àwọn àgbá tó kù sórí afárá, ó ṣí wọn fún gbogbo ayé wò. Wọ́n ṣófo.

Ẹnìkan ní, "Wọ́n á ṣófo. Ó ti dà á sómi tán."

Òfìfo àgbá wá di ẹ̀rí.

Rhoda nìkan ni kò gbà. Ó kọ ọ́ sórí Etí Omi pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀: "Irọ́ ni o. Àgbá ààrò ni. Mo ní ọ̀kan nílé, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó."

Kíá ni ẹnìkan dá a lóhùn: "Ìyá Gift, kí ló wà láàárín ìwọ àti Kọ́lájọ tó o fi ń gbèjà rẹ̀?"

Mo ń ka ìyẹn lórí pákó mi lókè. Ìbéèrè tó ti wà lọ́kàn mi fún ọjọ́ pípẹ́ ni. Ẹlòmíràn ti bá mi béèrè rẹ̀ níta gbangba, lórí ìyàwó mi.

Ojú Ń Rí tẹ àwòrán ẹ̀rín sí i.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Àwòrán kékeré kan, ojú tó ń rẹ́rìn-ín tómijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó kù rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Rhoda kò tún kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, ó gbé ẹja rẹ̀ lọ sí Ìgbókòdá. Ìyá Balqees ló máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, obìnrin Ìbàdàn kan tí wọ́n ti jọ ń nájà tipẹ́. Kí ọjọ́ tó rọ̀, Rhoda ti padà délé. Ẹja wà nínú agbọ̀n bó ṣe gbé e lọ.

Mo béèrè pé, "Ìyá Balqees ò wá ni?"

"Ó wá. Ó dì mọ́ mi. Ó ní, 'Ìyá Gift, èmi mọ̀ yín, àwọn tí mò ń tà fún ni kò mọ̀ yín. Wọ́n ti rí i lórí fóònù.' Mo ní kó tọ́ ọ wò. Ó ní ẹnu òun kọ́ ló máa jẹ ẹ́."

"Ṣé o ò sọ fún un pé ẹja tìrẹ kọ́ ni wọ́n ń wí?"

Ó wò mí. "Ṣé ẹja máa ń kọ orúkọ sára ni? Ẹja abúlé wa ni wọ́n ní àwọn ò jẹ mọ́, Bàbá Gift. Ẹja gbogbo wa."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn. Kọ́lájọ ni mo ju òkò sí, abúlé ló bà. Ẹja ṣáwá ń jẹrà lórí ààrò. Àwọn ọkọ̀ tó wá ra ẹja ń kọjá níwájú wa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ óò rò pé àwọn ènìyàn á bínú sí ìròyìn náà. Rárá o. Kọ́lájọ ni wọ́n bínú sí. Àwọn ọ̀dọ́ Godwin lọ tú ẹ́ńjìnnì kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ààfin Ọlọ́jà, olórí abúlé wa. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn gbé àgbá wá yọ wọ́n kúrò lórí ìdáná, wọ́n tì wọ́n sómi. Wọ́n ń léfòó káàkiri abẹ́ ilé. Rhoda nìkan ni kò ju tiẹ̀. Owú mi tún ru. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ẹ wò ó, kò lè ya ara rẹ̀ kúrò lára Kọ́lájọ.

Wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé Bàbá Olówòkéré, Ọlọ́jà wa, lórí afárá gbàràmù tí a ti ń ṣe ohun gbogbo. Èmi ni mo ń tún òpó ibẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Pákó mi ṣì wà lókè níbẹ̀, òòlù mi sì ń rọ̀ lára òpó.

Kọ́lájọ jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú Mabel, ìyàwó rẹ̀. Ó ti rù.

Godwin sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin bàbá wa, àwa ọ̀dọ́ ti pa ẹnu pọ̀. Kí Kọ́lájọ kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kó fi abúlé sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bó bá ti lọ, a óò kéde rẹ̀ lórí fóònù pé a ti lé e. Àwọn oníbàárà á padà."

Ọlọ́jà yíjú sí Kọ́lájọ. "Kí ni ìwọ rí sọ?"

"Bàbá, mo ti ṣí àgbá fún wọn. Bí wọ́n bá bá nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n á ní òun nìyí. Wọn ò bá nǹkan kan, wọ́n ní mo ti dà á nù. Irú àgbá wo wá ni kí n gbé wá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò yí padà. Kọ́lájọ wá yíjú, ó wò mí níbi tí mo jókòó sí láàárín èrò. Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lórí ahọ́n mi. Bàbá Olówòkéré ti gbé ọ̀pá rẹ̀ dání láti fi lé ọ̀rẹ́ mi kúrò nílé bàbá rẹ̀, mi ò sì lè la ẹnu.

Rhoda dìde.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ ohun tí mo rò. Ohun tí mo rò ni pé, ó tún dìde fún un.

"Godwin, yá mi ní fóònù rẹ. Tèmi ti fọ́ lójú, bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ omi ni."

"Ìyá Gift, gbogbo wa la ti rí fọ́tò yìí."

"Ẹ ti rí i. Ẹ ò wò ó."

Ó gba fóònù náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú. "Ẹ ní ó ń fi ọwọ́ bo ojú. Ta ló máa ń fi ọwọ́ bo ojú tí eyín rẹ̀ á wà níta? Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń juwọ́ ni. Ẹni tó mọ̀ dáadáa ló ń juwọ́ sí."

Àwọn tó wà nítòsí na ọrùn láti wo fóònù náà.

"Ẹ tún wo nǹkan. Mò ń rí inú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mò ń rí orí àgbá. Bí èmi àti ẹ̀yin bá dúró lórí afárá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ la máa ń rí. Ẹni tó ya fọ́tò yìí, òkè ló..."

Mo rí i bó ṣe gbé orí kúrò lára fóònù. Ojú rẹ̀ lọ sókè, sí ara òpó méjì, sí pákó tó wà láàárín wọn, sí òòlù mi tó ń rọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra sọ ojú kalẹ̀ bá mi láàárín èrò.

Kò sọ ọ́. Ó dá fóònù padà fún Godwin. "Mo ti parí," ló wí, ó sì jókòó.

Àmọ́ àwọn ojú yòókù ti tẹ̀ lé ojú rẹ̀ lọ sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gòkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni Ojú Ń Rí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ. Godwin ní, "Bàbá Gift, ẹ jókòó, ẹ̀yin kọ́. Ojú Ń Rí máa ń sọ̀rọ̀." Ẹnìkan lẹ́yìn ní wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ kí n lè gba ọ̀rọ̀ náà sórí. Ní gbogbo ìgbà tí mo purọ́, wọ́n gbà mí gbọ́. Ìgbà tí mo sọ òótọ́, wọ́n ní wọ́n ti ra ẹnu mi.

Mo mú fóònù mi jáde. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sórí Etí Omi, mo tẹ̀ ẹ́ lọ.

Fóònù Godwin dún. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ni ti ẹlòmíràn dún, ti ẹlòmíràn tún dún, lórí afárá gbogbo. Ojú Ń Rí ló kọ ọ́: "Èmi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọlọ́jà bi mí pé, "Ọlọ́rundáre, kí ló ṣe ọ́?"

"Owú ni, Bàbá."

"Owú kí ni?"

Ṣé kí n ní owú àgbá ni? Ṣé kí n ní owú àwo?

Kọ́lájọ ló bá mi sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí mo rí fọ́tò náà. Mo mọ ẹni tí mo juwọ́ sí. Mo ní kí n dúró, pé yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ó nu ojú. "Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún àwọn obìnrin lọ́jọ́ tí mo gbé àgbá ìyàwó rẹ sọ̀ kalẹ̀? Mo ní ìwọ lo rán mi."

Mo wo Rhoda. Ó yíjú sí ibòmíràn.

Wọ́n dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà fún un. Ọlọ́jà ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lé e. Wọ́n bu ìtanràn lé mi, mo sì san án. Mo fi ohùn ara mi sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, pẹ̀lú orúkọ mi, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e dé gbogbo ibi tí fọ́tò náà dé.

Kò dé ibì kankan. Fọ́tò mi ti dé Wàrì, ó ti dé Èkó, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ apá ibi tí Ìlàjẹ wà. Ohùn mi kò kọjá afárá. Àwọn kan tó gbọ́ ọ ní ṣe ni wọ́n fi ìbọn halẹ̀ mọ́ Ojú Ń Rí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Lórí omi tiwa, òótọ́ ní láti rí ọkọ̀ wọ̀ ná.

Èrò kò wọ ọkọ̀ Kọ́lájọ mọ́. Wọn kì í bú u. Wọ́n kàn máa ń rántí pé àwọn ní nǹkan láti ṣe, wọ́n á dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó kó Mabel àti àwọn ọmọ lọ sí Mahintedo. Ó rẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lọ, kí ọbẹ̀ wa má baà dànù.

Rhoda kò lọ. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi. Inú àwo ike ló ń gbé e sí. Mi ò rí àwo olódòdó yẹn mọ́, mi ò sì béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Àmọ́ mo mọ èyí: ẹni tó bá kọ ọ́ sórí fóònù pé òun kàn ń béèrè, ó ti mọ ìdáhùn tó ń fẹ́. Kí ẹ tó tari rẹ̀ síwájú, ẹ béèrè ibi tí onítọ̀hún dúró sí nígbà tó ń ya fọ́tò.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ òpó. Mo ṣì ń gun pákó mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbójú sókè wò mí mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kọjá lábẹ́ mi, màá rí i bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ síbi tapólì. Ì báà jẹ́ àpò ìrẹsì, ì báà jẹ́ ìdì aṣọ, wọ́n á fà á bo ẹrù wọn títí wọ́n á fi kọjá.

Láìpẹ́ yìí ni Rhoda ń tukọ̀ bọ̀ láti odò, agbọ̀n ẹja níwájú rẹ̀. Mo dá òòlù dúró kí omi má baà ta sí i lára. Kò wòkè. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé abẹ́ pákó mi, ó gbé àjẹ̀ lé orí ẹsẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó sì fi bo ẹja náà.